Ṣájà Tó Ń Sùn Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹni tó bá sọ pé òun mọ Ibafo ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ mẹ̀kúnnù, tí kò sì mọ ṣọ́ọ̀bù Sọ̀fíyátù tó ń ṣáájì bátìrì lábẹ́ igi furúùtù, ẹ sọ fún un pé gbígbọ́ ló gbọ́ Ibafo, kò dé ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ni igi náà wà, ó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí òjò fi lè rọ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kí ẹ̀kán omi kan tó bọ́ sórí ẹni tó jókòó sí ìdí rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń to bátìrì sí bí ẹní so àgbò Iléyá mọ́lẹ̀: ti ọlọ́kadà, ti onítírélà, ti àwọn ará Arepo tí wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà tí iná ìjọba bá ti kí wọn pé ó dàbọ̀.

Láàárín àwọn bátìrì wọ̀nyí ni Akọ Màlúù jókòó sí. Ṣájà ni Akọ Màlúù. Mùsáfírù ọmọ Ìwó, ọkọ Sọ̀fíyátù, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Irin ńlá ni, tí ó fi wáyà bàbà wé bí ẹní wé láwàní, tí ó wá kó o sínú àgbá fíríìjì tó ti kú. Ọkùnrin méjì tí kò bá jẹ ẹ̀bà yó kò lè gbé e nílẹ̀. Bí wọ́n bá tan án, a máa ké hùùù, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, àwọn alángbá tó wà lórí igi furúùtù á sì kó ẹrù wọn, ó di Magboro.

Ohun tó jẹ́ kí gbogbo èèyàn fẹ́ràn Akọ Màlúù ni pé ó máa ń mú bátìrì hó. Láti Ibafo dé Mowe, títí dé Ifo, ohun tí àwọn èèyàn gbà gbọ́ ni pé bátìrì tí kò bá hó kò tíì jẹun yó. Oníbàárà á dé, kò ní béèrè bóyá bátìrì òun ti kún. Á bẹ̀rẹ̀, á gbé etí sí ihò rẹ̀, bó bá gbọ́ kútúkútú bí ìkòkò ẹ̀wà, ẹ̀rín á bọ́ sí i lẹ́nu, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ń jẹun." Bí kò bá sì gbọ́ kútúkútú, wàhálà dé nìyẹn, á ní wọ́n fẹ́ fi ebi pa bátìrì òun.

Bí Mùsáfírù ṣe kú nìyí. Awakọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Afọlábí, ọkọ̀ rẹ̀ máa ń wà lórí odò Ògùn, lẹ́yìn Ibafo níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Afọlábí kọ́ ilé pákó sí i lórí, ó tẹ́ ibùsùn síbẹ̀, ó so fáànù, ó so gílóòbù, àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó sì ń wá ṣe fàájì nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á jẹ ẹja yíyan, wọ́n á sùn kí ẹ̀fọn wá jẹ wọ́n gẹ́gẹ́ bí olówó. Bátìrì tó ń gbé gbogbo fàájì yìí ró wà nínú kòtò pákó kan nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ó wúwo, Afọlábí kò sì fẹ́ máa rù ú wá sí ìdí igi furúùtù. Ó ní kí Akọ Màlúù wá bá bátìrì òun lálejò. Wọ́n gbé Akọ Màlúù dé etí odò, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Òjò ń ṣú, Mùsáfírù bá dé ọmọrí kòtò náà pa kí omi má baà rọ̀ sí i. Bátìrì hó, ó hó, ó hó. Nígbà tó yá, Mùsáfírù ṣí ọmọrí, ó bẹ̀rẹ̀ sí i, ó sì yọ kílíìpù wáyà kúrò lórí bátìrì láìpa ṣájà. Iná ta pàrà. Ìró tó dún lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní Mowe. Ní Ifo lọ́hùn-ún, àwọn obìnrin sáré kó aṣọ wọlé, wọ́n rò pé àrá ni. Odò ló gbé Mùsáfírù lọ, ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti rí i.

Kò sẹ́ni tó bá Akọ Màlúù wí. Àwọn kan ní odò ló béèrè èèyàn. Àwọn kan ní ọ̀tá ni. Afọlábí fúnra rẹ̀ káwọ́ lérí, ó ní, "Ayé ni! Ayé ló ṣe é!" Wọ́n gbé Akọ Màlúù padà sí abẹ́ igi furúùtù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú níbi tí iná ti lá a, wọ́n nu eruku kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Sọ̀fíyátù kò sunkún. Gbogbo àdúgbò dúró de ẹkún rẹ̀ bí ẹní dúró de ọkọ̀ ojú irin, ẹkún kò dé. Ó ṣe opó tán gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, ó mú Sàhéèdì ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìwó, ó padà wá, ó jókòó sórí àpótí tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó lé, ó sì tan Akọ Màlúù. Ó ti mọ iṣẹ́ náà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé tó fi kú tipiri, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ rí. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ó ń ti ọwọ́ bọ omi bátìrì láìwọ nǹkan kan sọ́wọ́, omi náà ń bó o lára, kò mọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá bá a sọ, ìdáhùn kan náà ló ní: "Ó dáa." Wọ́n ní òjò ti gbé páànù rẹ̀ lọ, ó ní ó dáa. Wọ́n ní onílé ń bọ̀ wá kọ́ ilé mìíràn síbi tó ń gbé, ó ní ó dáa. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wá láti Mowe pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ó ní ó dáa, ọkùnrin náà wò ó lójú, ẹ̀rù bà á, kò padà wá mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe wà títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, tí Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ àti Rosemary ìyàwó rẹ̀ gbé bọ́ọ̀sì wọn dé láti Magboro.

Bọ́ọ̀sì náà gùn bí ìwàásù ìsìnkú. Èrò ni wọ́n fi ń kó tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Pásítọ̀ yọ àwọn ìjókòó rẹ̀ dànù, ó kan ibùsùn sínú rẹ̀, ó gbé sítóòfù sí kọ̀rọ̀ kan, ó so fáànù, ó so gbohùngbohùn sórí rẹ̀, nítorí Ọlọ́run ti rán an sí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ifo, kò sì fẹ́ máa wá ilé tí yóò sùn sí kiri. Inú bọ́ọ̀sì ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Delight àti Tìmílẹ́hìn, yóò máa sùn. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ilé Tó Ní Táyà. Ọjọ́ tí wọ́n dé sí abẹ́ igi furúùtù yẹn, Bọ̀dá Afọlábí wà nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú wọn, ó jókòó síwájú bí ọba, òun ló ń júwe ọ̀nà.

"Ẹ káàsán mà, Ìyá Sàhéèdì," ni Rosemary wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì Delight. Ẹ kú ìrìn."

"A ò ní pẹ́ rárá. Ṣájà yín yẹn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún wa. Èyí tí a yá ní Mowe, kò lágbára tó. A fẹ́ èyí tí a máa gbé sínú bọ́ọ̀sì, tí a bá ti dé abúlé, a ó kàn tan jẹnẹrétọ̀ síta, a ó sùn, kí ilẹ̀ tó mọ́ bátìrì ti yó."

"Mo ti sọ fún wọn," ni Afọlábí fi kún un. "Mo ní láti ibí dé Ìbàdàn, kò sí irú Akọ Màlúù. Bátìrì tó ti kú, tí wọ́n ti sin, ẹ gbé e fún Akọ Màlúù, á jí, á béèrè oúnjẹ."

"Ó dáa," ni Sọ̀fíyátù wí.

Pásítọ̀ ti múra ìdúnàádúrà sílẹ̀. Ó ti to ẹsẹ Bíbélì jọ nípa opó àti òróró inú kólòbó, ó ti là á yékéyéké nínú ọkàn rẹ̀ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò ti fi omijé díẹ̀ sí i. Ẹnu rẹ̀ ti là, kò sí ohun tí yóò fi í ṣe mọ́, ó bá fi yán. Wọ́n fi àdéhùn sí ẹ̀yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀, pé àwọn yóò wá gbé Akọ Màlúù nígbà náà.

Ibi tí àwọn àgbà ti ń kí ara wọn kú oríire ni Delight, ọmọbìnrin Pásítọ̀, ti fa Sọ̀fíyátù lọ́wọ́. Ọmọ náà kò tíì tó ẹni tó ń lọ ilé ìwé ńlá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti lọ ó ti bọ̀.

"Mà, ẹ wá wo ibi tí mo ń sùn. Ẹ wá wò ó. Ó ní kọ́tìnnì."

Sọ̀fíyátù wọlé tẹ̀lé e. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń ké lóde, wọ́n ń fi ṣájà tí wọ́n yá ní Mowe ṣáájì bátìrì bọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ibùsùn àwọn ọmọ wà lẹ́yìn pátápátá, pákó ni wọ́n fi ṣe é, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn bátìrì wà, wọ́n ti kan pákó bò wọ́n yíká kí ọwọ́ ọmọdé má baà tó wọn.

"Èmi ni mo ń sùn síbí. Tìmílẹ́hìn ló wà lọ́dọ̀ ògiri torí ó máa ń tọ̀ sílé. Mà, ẹ gbé etí yín lé e. Ẹ gbé e lé e! Bátìrì ń se ẹ̀wà nísàlẹ̀ mi."

Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀, ó gbé etí lé pákó. Kútúkútú. Kútúkútú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òórùn kan gba àárín pákó jáde bá a, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ nínú ìtẹ́.

"Ó ń rùn, àbí?" ni Delight wí, ó di imú. "Mọ́mì ní Tìmílẹ́hìn ni. Tìmílẹ́hìn kọ́ o."

Sọ̀fíyátù kò dìde. Ó mọ òórùn náà. Ọjọ́ tí òun gbé oúnjẹ lọ bá Mùsáfírù létí odò ló gbóòórùn rẹ̀. Ọkọ̀ Afọlábí wà níbẹ̀, ọmọrí kòtò wà ní dídé, òjò ń ṣú, Mùsáfírù sì yínmú, ó ní, "Sọ̀fí, ta ló fọ́ ẹyin sínú ọkọ̀ ọkùnrin yìí?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Òun gbé àwo sílẹ̀, òun ń lọ sílé. Kò tíì dé títì tí àrá fi sán láìsí mọ̀nàmọ́ná.

Gbogbo ìgbà tó ti ń ṣáájì bátìrì láti ọjọ́ náà, lábẹ́ igi ni, atẹ́gùn ń gbé òórùn yẹn lọ kó tó dé imú. Èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn yìí kò ríbi lọ. Ó sì ti ta Akọ Màlúù, tó ń mú bátìrì hó ju èyí lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, fún àwọn tó fẹ́ tàn án sábẹ́ ọmọ wọn lóru.

Ó jáde nínú bọ́ọ̀sì. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, bó bá jáde, yóò fa òmíràn jáde: pé kì í ṣe odò, kì í ṣe ọ̀tá, pé ohun tó pa ọkọ òun ni òun ń tàn láràárọ̀ láti fi jẹun. Ó ní kí wọ́n sáà pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná, kí wọ́n má tàn án títí di ọjọ́ àdéhùn, kí wọ́n jẹ́ kí bátìrì sinmi. Wọ́n ní kò burú, oníṣẹ́ ló mọ iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wọkọ̀ lọ sí Ifo. Ọ̀nà Ibafo sí Ifo nígbà náà yí bí ìfun àgùntàn, èèyàn á máa ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn títí yóò fi gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ̀gbọ́n Mùsáfírù, ń ta wáyà, fáànù, gílóòbù àti oríṣiríṣi ṣájà lẹ́bàá ojú irin níbẹ̀. Obìnrin náà sanra, ó láyọ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa dá ọkọ̀ ojú irin dúró.

"Ìyàwó mi! Ṣé àlàáfíà lo fi wá?"

Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀. "Àlàáfíà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọjà."

"Dìde, dìde. Na ọwọ́ ẹ kí n rí i. Lá ìláhà! Ṣé ọwọ́ rèé àbí àkàrà tó jóná?"

"Kò dùn mí."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn." Wúlẹ̀mọ̀tù fa àpótí fún un. "Kí lo fẹ́ rà?"

"Ṣájà."

"Akọ Màlúù ńkọ́?"

Sọ̀fíyátù wo àwọn ṣájà tó wà lórí pẹpẹ. Ó ní, "Mo ń wá èyí tí wọ́n lè lò nínú ilé tí ọmọ ń sùn sí."

Wúlẹ̀mọ̀tù gbé ọ̀kan jáde tó ń dán yanran. "Ọmọ yìí ni kó o mú. Ọkọ̀ ojú irin ni mò ń pè é. Ó ń hó!"

"Mi ò fẹ́ èyí tó ń hó."

"O ò fẹ́—" Wúlẹ̀mọ̀tù wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Ó gbé òmíràn. "Èyí, ọ̀pọ́ ni, àwọn ọlọ́kadà ló ń rà á." Sọ̀fíyátù yí i wò. Aṣọ wáyà rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irin rẹ̀ kan yọ jáde níhòòhò lẹ́yìn. Ó dá a padà. Ó fọwọ́ kan òmíràn tí wọ́n ti ń lò láti àárọ̀, wáyà rẹ̀ gbóná bí ìkòkò. Ó dá ìyẹn náà padà. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí kékeré kan tó wà lókè pẹpẹ lẹ́yìn, tí aláǹtakùn ti fi ṣe ilé.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Fi í sílẹ̀! Ọ̀lẹ ni. Gbogbo ẹni tó rà á ló dá a padà. Awakọ̀ kan ní Agbado bú mi bú ìyá mi. Ó ní òun gbé bátìrì sí i láàárọ̀, nígbà tí òun máa fi dé, ọmọ burúkú náà ti sùn lẹ́nu iṣẹ́, kò hó, kò ké, iná kékeré aláwọ̀ ewé kan ló tàn sílẹ̀ tó fi ń wo òun."

"Bátìrì náà ńkọ́? Ṣé ó kún?"

Wúlẹ̀mọ̀tù fọwọ́ họrí. "O ò rí i pé mi ò bi í. Ó sáà fi wa ọkọ̀ wá sí ibí láti wá bú mi."

"Ọ̀lẹ yẹn ni mò ń wá."

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n nù ún, Wúlẹ̀mọ̀tù tan iná sí i. Bó ṣe ń na kílíìpù rẹ̀ méjèèjì sí Sọ̀fíyátù ni ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, àwọn kílíìpù náà sì kọlu ara wọn. Obìnrin náà ké, ó fò sẹ́yìn, ó gbá gílóòbù dànù. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Iná kò ta. Sọ̀fíyátù mú kílíìpù méjèèjì, ó fi wọ́n kan ara wọn. Kò ta. Ó tún fi wọ́n kan ara wọn. Ó ń kàn wọ́n mọ́ra, ó ń yà wọ́n, kọ́, kọ́, kọ́, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré, ṣùgbọ́n kò sí eré lójú rẹ̀.

Wúlẹ̀mọ̀tù ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Sọ̀fí. Iná tó ta lọ́jọ́ náà…"

"Òun náà ni."

"Kì í ṣe ayé?"

"Kì í ṣe ayé, ẹ̀gbọ́n mi. Èéfín bátìrì tó ń hó ló kún inú kòtò, ṣájà ló ta iná sí i."

Wúlẹ̀mọ̀tù jókòó lé orí ìdì wáyà, ó bú sẹ́kún. Ó sunkún ti ara rẹ̀, ó sun ti Sọ̀fíyátù mọ́ ọn, àwọn oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n padà. Sọ̀fíyátù ń wò ó bí ẹní ń wo òjò láti ojú fèrèsé. Nígbà tó rọlẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù nu ojú, ó ní, "O máa sọ fún wọn ní Ibafo?"

"Bí wọn ò bá fẹ́ ọ̀lẹ yìí, màá sọ ọ́."

"Wọ́n á ní o ti ń fi ohun tó pa ọmọ wa jẹun."

"Wọ́n á sọ ọ́."

"Ó dáa," ni Wúlẹ̀mọ̀tù wí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tutù tó lẹ́nu èèyàn.

Nígbà tí ọjọ́ àdéhùn pé, bọ́ọ̀sì dé, Afọlábí dé, àwọn tó wá gbé bátìrì wọn náà kò sì lọ, nítorí kò sẹ́ni tí kò fẹ́ rí bí wọ́n ṣe máa gbé Akọ Màlúù nílẹ̀. Sọ̀fíyátù gbé ọ̀lẹ sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní èyí ni kí wọ́n mú.

Afọlábí wò ó, ó yí i po, ó tún yí i po. "Ìyá Sàhéèdì, a ní a fẹ́ ra màlúù, ẹ gbé òròmọdìyẹ wá."

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ igi. Pásítọ̀ ní kí wọ́n dán an wò, kí ó má jẹ́ pé àwọn fi ojú lásán dá ẹjọ́. Wọ́n so Akọ Màlúù mọ́ bátìrì kan, wọ́n so ọ̀lẹ mọ́ ìkejì. Akọ Màlúù ké, ilẹ̀ gbọ̀n, kò pẹ́ tí tirẹ̀ fi ń hó. Ọ̀lẹ kò sọ ohunkóhun. Àwọn èèyàn jókòó tì í, wọ́n jẹ ẹ̀pà, wọ́n sọ̀rọ̀ ìlú tán, oòrùn yí sí ìhà Ifo, ìgbà náà ni iná pupa kékeré tó wà lára ọ̀lẹ kú, tí àwọ̀ ewé tàn, àmì pé bátìrì ti kún.

"Ó ti sùn!" ni Afọlábí pariwo, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. "Ẹ bá mi jí i! Ẹ bu omi sí i lójú!"

Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó tún ojú ṣe. "Ìyá Sàhéèdì, ẹ má bínú. Ẹ ti fi ẹnu yín sọ ọ́ pé ẹ ó ta Akọ Màlúù fún wa. Nítorí iṣẹ́ Olúwa ni a ṣe fẹ́ ẹ."

"Mi ò tà á mọ́, Pásítọ̀."

"Kí ló dé?"

"Òun ló pa Mùsáfírù."

Kò pariwo. Bó ṣe máa ń sọ pé ó dáa ló ṣe sọ ọ́. Gbogbo abẹ́ igi dákẹ́, Akọ Màlúù nìkan ló ń ké, Sọ̀fíyátù bá na ọwọ́, ó pa á, dídákẹ́ náà wá pé.

Afọlábí ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ayé ló pa Mùsáfírù."

"Bọ̀dá Afọlábí, kò sí ayé nínú kòtò yẹn. Bátìrì hó títí, èéfín rẹ̀ kò ríbi gbà, Mùsáfírù yọ kílíìpù nígbà tí ṣájà ṣì ń ṣiṣẹ́, iná ta. Àwa tí a fẹ́ kó máa hó la wà níbẹ̀, kò sí ẹlòmíràn."

"Ṣé èmi lẹ wá ń sọ pé mo pa á? Nínú ọkọ̀ mi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Láti ìgbà tó ti kú, kí lẹ fi ń ṣáájì bátìrì wa?"

"Òun náà ni. Òun ni mo fi ń jẹun." Ó yí sí Rosemary. "Mọ́mì Delight, òórùn tó wà lábẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ yín, òun náà ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Kì í ṣe Tìmílẹ́hìn ló ń rùn."

Rosemary yí ẹ̀yìn padà. Ó gun bọ́ọ̀sì lọ. Àwọn tó wà lóde ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí pákó abẹ́ ibùsùn, bó ṣe ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Nígbà tó jáde, ó ti pọn Tìmílẹ́hìn, ó fa Delight lọ́wọ́, ó sì há ìrọ̀rí àwọn ọmọ méjèèjì mọ́ abíyá bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

"Dádì Delight, ọ̀lẹ yẹn la máa gbé."

"Ṣùgbọ́n, Rosemary, kò hó—"

"Kó má hó! Mi ò se ẹ̀wà lábẹ́ ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ bù ṣe. Kò sí ìwàásù tí Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó mú èèyàn dákẹ́ tó ti ìyàwó rẹ̀ yẹn. Wọ́n kó àwọn bátìrì kúrò lábẹ́ ibùsùn, káfíńtà kan ní ẹ̀gbẹ́ títì kan àpótí fún wọn sẹ́yìn bọ́ọ̀sì níta, ó lu ihò sí i lókè àti nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Sọ̀fíyátù sọ fún Pásítọ̀ pé kó kọ́kọ́ gbé kílíìpù sí i kó tó tan ṣájà, kó sì pa ṣájà kó tó yọ kílíìpù, kó má fi ẹsẹ̀ tútù dúró tì í, kó má sì ṣe é nígbà tí àwọn ọmọ bá ń sùn, ì báà jẹ́ ọ̀lẹ, ì báà jẹ́ alágbára. Pásítọ̀ tún un sọ fún un bí ẹni ń ka orin mímọ́. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì lọ, Sọ̀fíyátù mú ayùn irin, ó gé wáyà Akọ Màlúù méjèèjì ní ìdí.

Àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ọ́ bí Wúlẹ̀mọ̀tù ṣe wí gẹ́lẹ́. Púpọ̀ nínú wọn gbé bátìrì wọn lọ sí Mowe, níbi tí wọ́n ti ń mú un hó fún wọn. Àwọn díẹ̀ dúró. Sọ̀fíyátù ra ọ̀lẹ mìíràn, ó tún ra òmíràn, abẹ́ igi furúùtù dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn alángbá fi padà wá láti Magboro. Afọlábí kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó dé, òun fúnra rẹ̀ ló ru bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ lórí, òógùn bò ó. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò wo ojú Sọ̀fíyátù.

"Mo ti yọ ọmọrí kòtò yẹn dànù," ló wí.

"Ó dáa, Bọ̀dá Afọlábí."

"Ọ̀lẹ yẹn… ṣé wọ́n ṣì ń tà á ní Ifo?"

"Wọ́n ń tà á."

Ó jókòó ti bátìrì rẹ̀ títí iná fi di àwọ̀ ewé, kò ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì rù ú lọ.

Bọ́ọ̀sì Pásítọ̀ padà dé nígbà tí àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ abúlé bò ó dé fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni, Rosemary lọ wá omi, ó ní kí Sọ̀fíyátù dákun bá òun wo àwọn ọmọ tó ń sùn. Sọ̀fíyátù gun bọ́ọ̀sì. Tìmílẹ́hìn wà lọ́dọ̀ ògiri, ó ti tọ̀ sílé. Fáànù ń yí lórí wọn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó gbé etí lé pákó.

Delight la ojú kan. "Kí lẹ̀ ń gbọ́, mà?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ṣé ó ti sùn?"

"Ó ti sùn. Ìwọ náà sùn."

Ọmọ náà pa ojú dé. Sọ̀fíyátù kò dìde. Ó rò pé bóyá omi yóò jáde lójú òun báyìí, ó dúró dè é, kò jáde. Ṣùgbọ́n pákó ilẹ̀ bọ́ọ̀sì le, ó sì ti pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, nígbà tó yá orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ń dùn ún, ó sì mọ̀ pé ó ń dùn ún.